Ilé Là Á Wò Kí A Tó Yan Aláǹtakùn

Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin aláǹtakùn ńlá onírun, èyí tí ayé ń pè ní tàràǹtúlà, máa ń kọ́kọ́ bi mí kò yí padà látọjọ́ tó ti pẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?" Púpọ̀ nínú wọn ti fọkàn sí èyí tó ń gbẹ́ ihò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ti mọ iye tí wọ́n ń tà á, wọ́n sì ti mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí nínú pálọ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi kò ju kí n sọ pé ó dára. N kì í yára sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ni mo máa fi ń dá wọn lóhùn: ṣé o lè máa tọ́jú ohun tí o kò ní máa rí?

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé gbogbo iṣẹ́ yìí kà. Ilé aláǹtakùn inú ihò ni ilẹ̀, ilẹ̀ tó jìn, tó sì tutù nísàlẹ̀. Ẹni tó bá wo ilé náà dáadáa yóò mọ̀ pé ẹ̀dá tó ń gbé inú rẹ̀ kò wá sáyé láti ṣeré fún ojú ènìyàn. Ẹni tí kò bá wò ó, àwọ̀ nìkan ni yóò rà. Lójú tèmi, bí a bá ń yan irú aláǹtakùn yìí, irú ènìyàn tí a jẹ́ ni a ń yẹ̀ wò, ju orúkọ tó wà nínú ìwé lọ.

Ijala tó wà ní Warri ni mo fi ṣe ibùgbé. Ilẹ̀ Ìtsẹkírì ni, àwọn tí èdè wọn bá tiwa tan tó bẹ́ẹ̀ tí Yorùbá tó bá fara balẹ̀ yóò fi gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé Ginuwa, ọmọ ọba Benin tó di Olú àkọ́kọ́, ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì tẹ́ ẹ sí; láti ìgbà náà, Ijala ni ibi ìsìnkú àwọn Olú Warri. Kò jìnnà sí ilẹ̀ ọ̀wọ̀ yẹn ni ilé iṣẹ́ ìfọpo Warri wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978. Mo sábà máa ń ronú lórí bí nǹkan méjì yìí ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lápá kan, ohun tó wà nínú ilẹ̀ ni a ń bọ̀wọ̀ fún, a kì í wú u. Lápá kejì, ohun tí a wú láti inú ilẹ̀ ni a ń fọ̀, tí a ń tà, tí a sì ń jà lé lórí. Ọ̀nà méjèèjì ni ènìyàn ń gbà bá ohun abẹ́ ilẹ̀ lò. Aláǹtakùn inú ihò náà ti rí ọ̀nà méjèèjì lọ́wọ́ wa.

Àwọn tàràǹtúlà tí onímọ̀ ti fún lórúkọ lágbàáyé ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Bí a bá fi ibùgbé pín wọn, àwọn kan ń gun igi, àwọn kan ń rìn lórí ilẹ̀, àwọn yòókù ń gbẹ́ ihò. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní àwọn ti orí igi, bíi Heteroscodra maculata ti Togo àti Ghana, àti Stromatopelma calceatum. Ó sì ní ìran Hysterocrates, tó wà láti Nàìjíríà dé Kamẹrúùnù, tó sì dé erékùṣù São Tomé. Àwọn wọ̀nyí ni agbẹ́hò tiwa. Àwọ̀ wọn dúdú tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn nípọn, wọ́n sì fẹ́ràn ilẹ̀ ọ̀rinrin. Àwọn tó sin Hysterocrates gigas ti Kamẹrúùnù ti rí i pé ó lè wọ inú omi lọ, kó sì mú ẹja kékeré níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ òjò Warri, tó mọ bí omi kì í ti í jìnnà sí ojú ilẹ̀ níbí, kò ní jẹ́ kí èyí ya òun lẹ́nu.

Ihò ṣe púpọ̀ fún aláǹtakùn ju kó fi í pamọ́ lọ. Bí oòrùn ọ̀sán ti ń jó lókè, ìsàlẹ̀ ihò tutù. Bí ọyẹ́ ti ń gbẹ ewé, ọ̀rinrin ṣì wà nísàlẹ̀. Ó ń fi òwú ara rẹ̀ tẹ́ ẹnu ọ̀nà, kòkòrò tó bá sì fẹsẹ̀ kan òwú náà ti fi ara rẹ̀ hàn. Ojú mẹ́jọ ni ẹ̀dá yìí ní, ṣùgbọ́n kò fi wọ́n ríran tó bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń mì ló fi ń mọ ohun tó ń bọ̀. Nítorí náà, bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ihò, a ti gba ìgbọ́ràn rẹ̀, a ti gba ìtura rẹ̀, a sì ti gba ààbò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Aláǹtakùn náà á máa sá ká igun ike, á gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, á fi eyín hàn, ẹni tó ń wò ó á sì sọ pé oníjàgídíjàgan ni. Ẹ̀rù ẹni tí wọ́n lé jáde nílé ni ó ń bà á.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ìlú Òyìnbó, àgbà aláǹtakùn tí wọ́n kó nínú igbó ló pọ̀ lọ́jà. Láti Kamẹrúùnù àti Togo ni wọ́n ti ń kó wọn wá nínú ike kékeré. Òmíràn ti pàdánù ẹsẹ̀, òmíràn ti kó àrùn sára. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí wọn. Nítorí pé àwọn agbẹ́hò kò ní àwọ̀ tó ń fa ojú mọ́ra, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà wọ́n, owó pọ́ọ́kú yẹn ló sì ń sọ wọ́n sọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà ni wọ́n bí nínú ìtọ́jú, ọmọ kéékèèké tí kò tó èékánná. Òfin wà lára ohun tó mú ìyípadà náà wá. Ní 1985 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES fi Brachypelma smithi, aláǹtakùn orúnkún pupa ti Mexico, sábẹ́ àkóso, nítorí pé àwọn oníṣòwò ti ń kó o jù nínú igbó. Àwọn tó ń sin aláǹtakùn wá rí i pé àfi kí àwọn fúnra wọn kọ́ bí a ṣe ń mú un bímọ.

Inú mi dùn sí ìyípadà yìí. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn yí padà pẹ̀lú rẹ̀ tí kò bá mi lára mu. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ agbẹ́hò á lọ sílé ẹni tó ní in. Á jókòó síwájú ike tó kún fún ilẹ̀, kò ní rí nǹkan kan, onílé á sì sọ fún un pé ohun tí òun náà yóò máa rí nílé tirẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn á dìde níbẹ̀, á lọ ra ẹja tàbí ẹyẹ, ó sì ti gba ara rẹ̀ là. Lónìí, àwòrán ló ń ta ọjà. Nínú àwòrán, orí bébà funfun ni agbẹ́hò máa ń wà, ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ nà gbalaja, ìmọ́lẹ̀ ń tàn lé e lórí. Àwòrán náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n ti wú ẹ̀dá náà kúrò nílé rẹ̀ kí wọ́n tó yà á.

Orúkọ pàápàá ti di ọjà. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Reginald Pocock, onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní British Museum ní London, fún agbẹ́hò kan láti Nàìjíríà ní orúkọ Hysterocrates hercules, orúkọ akọni inú ìtàn àwọn ará Gíríìkì. Láti ìgbà náà, orúkọ yìí ti gbajúmọ̀ ju ẹ̀dá náà lọ. Mo rántí ọkùnrin kan tó san owó ńlá lórí "hercules," tó sì ń fi í yangàn láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, Hysterocrates gigas tó wọ́pọ̀ ni. Ohun tó dùn mí ni pé ìbínú ọkùnrin náà kò dúró sórí ẹni tó tà á fún un. Ó dé orí aláǹtakùn náà: ó ní kò wu òun mọ́. Síbẹ̀, irun ara rẹ̀ kan kò yẹ̀. Ẹ̀dá tó wù ú lánàá náà ni. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òun wo orúkọ, kò wo ilé, nígbà tí orúkọ sì ti ṣí kúrò, kò rí ohun tó kù.

Ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ń fún akọ́ṣẹ́ náà ti yí padà. Nígbà kan, ọ̀rọ̀ wọn kò ní àfikún: akọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan agbẹ́hò ilẹ̀ Áfíríkà tàbí ti Éṣíà. Ìdí wà. Ọ̀pọ̀ tàràǹtúlà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní irun kan lórí ikùn tí wọ́n fi ń jà. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ gbọ̀n ọ́n sí ọ̀tá lára, ara ọ̀tá á sì máa yún un. Àwọn tiwa kò ní irun yìí. Eyín nìkan ni ohun ìjà wọn, wọ́n sì yára ju bí akọ́ṣẹ́ ṣe ń rò lọ. Oró wọn le: ìrora, ara wíwú, iṣan tó ń súnkì, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé oró tàràǹtúlà pa ènìyàn rí, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣan ń há lóru kò ní ka ìyẹn sí ìtùnú. N kò dá ìmọ̀ràn àtijọ́ lẹ́bi rárá.

Àmọ́ ojú kan ṣoṣo ni ìmọ̀ràn náà fi ewu sí, inú eyín aláǹtakùn. Ohun tí ọdún gbọ́ọrọ yìí fi yé mi ni pé ọwọ́ tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ra Hysterocrates gigas, tó wá ike tó dára fún un, tó sì da ilẹ̀ tó jìn sí i bó ṣe yẹ. Kò pẹ́ tí aláǹtakùn náà fi gbẹ́ ihò, tó sì wọlé lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pè mí: "Bọ̀ọ̀dá, owó mi ti wọlẹ̀ o. Ilẹ̀ lásán ni mò ń wò." Mo ní kó fi í sílẹ̀. Kò lè fi í sílẹ̀. Bí àlejò bá ti dé, á fi ṣíbí wú ilẹ̀, á fi í hàn wọ́n. Aláǹtakùn á tún ihò gbẹ́, òun náà á tún wú u. Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́, nítorí ó ti ń múra láti bọ́ awọ. Àsìkò tí ara rẹ̀ rọ̀ jù lọ, tí kò sì yẹ kí ohunkóhun kàn án, ni ṣíbí tún bà á. Kò rí awọ náà bọ́ tán kó tó kú. N kò ṣiyèméjì pé ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ojú ni ìfẹ́ náà wà, kò dé inú. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, òun sì lá a títí ọbẹ̀ fi tán nínú àwo.

Ẹnì kejì tí n kì í gbàgbé ni nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ṣiṣẹ́ òru ní London. Ó ṣe ohun tí ìmọ̀ràn àtijọ́ kọ̀: akọ́ṣẹ́ ni, agbẹ́hò Áfíríkà ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti béèrè ohun gbogbo kó tó rà á, kì í sì í ti ọwọ́ bọ inú ike. Á bu omi sí i, á ju ìrẹ̀ kan sí i, á pa ìdérí dé. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé kí ilẹ̀ tó mọ́, á jókòó díẹ̀ sínú òkùnkùn. Lọ́jọ́ mìíràn, á rí ẹsẹ̀ méjì lẹ́nu ihò. Lọ́jọ́ púpọ̀, kò ní rí nǹkan kan. Mo bi í bóyá kò sú u. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn aláìsàn tí mò ń tọ́jú lóru, sísùn ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn. Mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, ó tó mi." Aláǹtakùn rẹ̀ dàgbà, ó bọ́ awọ léraléra, ó sì fi pẹ̀lẹ́ gbó.

Irú ẹ̀dá kan náà ni àwọn méjèèjì rà. Ẹni tó ń fi àtẹ akọ́ṣẹ́ àti àgbà yan aláǹtakùn kò ní rí ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn, nítorí akọ́ṣẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Ẹni tí kò bá lè gba ìrìn ìgbín mọ́ra, kó lọ wá ẹ̀dá mìíràn sìn, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí a bá ń wá àwọn tó mọ agbẹ́hò yìí ju gbogbo wa lọ, kí a kọjú sí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, àti sí apá kejì ààlà ní Kamẹrúùnù. Àwọn ará Mambila ń fi aláǹtakùn inú ihò ṣe àyẹ̀wò, bí àwọn babaláwo wa ṣe ń fi ikin àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe é. Ngam ni wọ́n ń pè é. David Zeitlyn, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Yunifásítì Oxford, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí rẹ̀ ní abúlé Somié ní 1985. Aláyẹ̀wò á fi ìkòkò fífọ́ yí ẹnu ihò ká, á to ewé tí wọ́n ti fi àmì sí lára síbẹ̀, pẹ̀lú igi kan àti òkúta kan tó dúró fún ìdáhùn méjì. Á béèrè ọ̀rọ̀, á bo ibẹ̀, á sì dúró. Nígbà tí aláǹtakùn bá jáde, á tú ewé náà ká, ibi tí ewé bá wà ni wọ́n ń kà. Wọ́n a máa dán aláǹtakùn fúnra rẹ̀ wò pẹ̀lú ìbéèrè tí wọ́n ti mọ ìdáhùn rẹ̀; èyí tó bá dáhùn òdì, wọn kì í gbà á gbọ́ mọ́.

Kò di dandan kí ènìyàn gba àyẹ̀wò náà gbọ́ kó tó rí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kọ́. Àwọn tó ti bá ẹ̀dá yìí gbé láti ìran dé ìran kò gbé e wá sílé. Ẹnu ihò rẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà pé ó mọ ohun tí àwọn tó wà lókè ilẹ̀ kò mọ̀, ibi tó ń gbé ni ọlá rẹ̀ sì ti wá. Bí wọ́n bá wú u, wọ́n ti pa ìmọ̀ tí wọ́n wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó ń fi ṣíbí wá aláǹtakùn kiri inú ike, àlejò ni lọ́dọ̀ ẹ̀dá tó pè ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún tún wà níbẹ̀, akọ́ṣẹ́ kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ. Akọ tàràǹtúlà kì í pẹ́ lẹ́yìn tó bá ti dàgbà tán, ṣùgbọ́n abo lè gbé ju ọdún mẹ́wàá lọ, àwọn kan nínú ti Mexico sì ń lé ní ogún. Ìbátan wọn kan tó ń gbé inú ihò ní Ìwọ̀-oòrùn Australia fi èyí hàn gbogbo ayé. Onímọ̀ kan, Barbara York Main, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn ihò náà ní 1974, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Abo tó jẹ́ nọ́ńbà 16 gbé inú ihò kan ṣoṣo títí di 2016, nígbà tí agbọ́n apẹran dé ibẹ̀; ó ti pé ọdún 43. Obìnrin kan fi èyí tó pọ̀ nínú ayé iṣẹ́ rẹ̀ máa ń padà sí ẹnu ihò kan, ó ń wò bóyá onílé ṣì wà. Ìgbà tí mo bá sọ ìtàn yìí fún ẹni tó fẹ́ ra agbẹ́hò fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, mo máa ń fi kún un pé ọmọ náà á lọ sí yunifásítì, á gbéyàwó, á kó kúrò nílé, aláǹtakùn á ṣì wà nínú ihò. Ta ni yóò máa bu omi sí i? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí kí n dárúkọ. Ẹni tó fẹ́ rí ohun tó rà, tó sì fẹ́ kọ́ ìwà ẹ̀dá yìí láìsí ìbẹ̀rù, kó mú Tliltocatl albopilosus láti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, tí irun ara rẹ̀ lọ́ wíríwírí. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó lè gbẹ́ ihò bí a bá fún un ní ilẹ̀, ó sì máa ń jáde sí gbangba. Ẹni tó bá dàgbà, tó lè kó ọwọ́ rẹ̀ ró, tí àìrí kò sì ní mú un ṣìwà hù, Hysterocrates tí wọ́n bí nínú ìtọ́jú yóò bá a gbé. Kó jìnnà sí Pterinochilus murinus ti ìlà-oòrùn Áfíríkà, bó ti wù kí àwọ̀ ọsàn rẹ̀ dára tó, kó sì fi Heteroscodra ti orí igi sílẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi gbọ́n.

Akọ́ṣẹ́ tó wà ní Warri ní ohun kan tí ti London kò ní. Ooru àti ọ̀rinrin tí àwọn ará ibẹ̀ ń sanwó iná mànàmáná fún, afẹ́fẹ́ ibí ló ń fún wa. Bí iná bá lọ ní Ijala, Hysterocrates kò ní mọ̀. Ilẹ̀ nìkan ni kí a ṣọ́ra fún. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa lè ti gba dísù lára jẹnẹrétọ̀, ó lè ti gba oògùn apakòkòrò. Mo ti rí ẹni tó wá aláǹtakùn tó dára fún oṣù púpọ̀, tó sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ wá ilẹ̀. Iṣẹ́ náà dorí kodò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a fi oṣù púpọ̀ mọ ilẹ̀, aláǹtakùn kò ní ṣòro í yàn.

Ṣé kí akọ́ṣẹ́ kúkú wú èyí tó bá rí nínú igbó wa, kó má náwó? Rárá o. Abo tó ní ẹyin nínú tí a bá wú lónìí, ìran tó ń bọ̀ ni a wú pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀dá tó ń dàgbà lọ́ra bẹ́ẹ̀ kì í sì í tètè dípò ara rẹ̀. Èmi mọ ìdí tí àwọn aládùúgbò mi fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìyá kan níbí ti mú kẹrosíìnì dání láti dà á sínú ihò kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ná. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n o. Ọmọ ni èmi ní." Òótọ́ ló sọ, ìbẹ̀rù ìyá kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. A yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù, a kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa wọ bàtà lálẹ́, kẹrosíìnì sì padà sílé. Àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n wá ń mú tọ́ọ̀ṣì bọ̀ lálẹ́, tí wọ́n ń wò ó láti òkèèrè. Ẹni tó bá ti wo ihò kan báyìí fún àsìkò òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lọ́nà tó dára jù, kò tíì ra ohunkóhun.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àwọn ẹlòmíràn ti mọ iyì ohun tó wà nílẹ̀ wa kí àwa tó mọ̀ ọ́n. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ṣàlàyé èròjà kan tí wọ́n rí nínú oró Hysterocrates gigas, tí wọ́n sọ ní SNX-482. Ó ń dí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọ inú iṣan ìmọ̀lára, ó sì di ohun èlò fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí ọpọlọ. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tí David Julius wà lára wọn lo oró Heteroscodra maculata láti fi hàn bí iṣan kan ṣe ń gbé ìrora kiri ara. Julius kan náà ló pín ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 2021 fún ìwádìí rẹ̀ lórí bí ara ṣe ń mọ ooru. Inú igbó Kamẹrúùnù àti ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni irú àwọn aláǹtakùn méjèèjì ti wá. Òkè òkun ni wọ́n ti bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ẹni tó bá fi sùúrù tú èèrà wò, á rí ìfun inú rẹ̀. Ohun tí mò ń fẹ́ kí sísin agbẹ́hò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ni sùúrù yẹn, nítorí kò sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó lè jókòó ti ohun tí kò tíì rí. Pocock jókòó sí London ó sọ aláǹtakùn Nàìjíríà lórúkọ láti inú ohun tí wọ́n kó ránṣẹ́ sí i. Òun kò rí ihò rẹ̀. Kí èyí tí yóò gba orúkọ lẹ́yìn èyí gbà á lọ́wọ́ ọmọ tó dàgbà sí Ijala, tàbí sí Òkìtìpupa, tàbí sí Calabar, ọmọ tó mọ ilẹ̀ tó ń gbé, tó mọ òjò tó ń rọ̀ sí i, tó sì ti wo ilé náà tẹ́rùn kó tó sọ ọmọ lórúkọ.